Tọ́nípù Tí Inú Rẹ̀ Funfun

Clive,

Mo fa gbòǹgbò kan tu láàárọ̀ yìí nínú tọ́nípù tó o gbìn. Mo là á, inú ẹ̀ funfun báláú! Ogún ọdún lo ti fi ń jẹ tọ́nípù nílé ìyá mi, tí inú ẹ̀ pọ́n bíi pupa ẹyin. Ìgbà wo lo rí funfun lábọ́ ẹnikẹ́ni ní Skọ́tíláǹdì? Ẹ̀yin ará Gẹ̀ẹ́sì lẹ ń pe funfun yẹn ní tọ́nípù. Tiwa tí inú ẹ̀ pọ́n, àwa náà ń pè é ní tọ́nípù, àmọ́ suwídì ni wọ́n ń kọ sára páálí irúgbìn ẹ̀.

Effie aládùúgbò wa yọjú lórí ọgbà: "Una, ṣé àgùntàn lọkọ ẹ fẹ́ fi bọ́ ni?"

Hú gbogbo ẹ̀ kí n tó dé. Irúgbìn suwídì tí Effie fún wa wà lábẹ́ ife yìí. Gbìn ín lónìí, oṣù Kẹfà ti ń parí lọ, kó o sì fi nẹ́ẹ̀tì bò ó nítorí eṣinṣin tó ń yé ẹyin sídìí ẹ̀.

Mo wá ìwé tí mo fi rán ọ lọ ra irúgbìn lọ́jà jáde, kí n lè fi hàn ọ́ pé o ò kà á dáadáa. "Tọ́nípù" ni mo kọ síbẹ̀.

Mo ti fà á ya. Síbẹ̀, ìwọ lo jẹ̀bi.

Una