Ẹni Tó Ń Bá Ọ Kí Bàbá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ọlọ́run tó ń mú yín jáde láàárọ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ ṣìnà ilé lálẹ́. Tí o bá fẹ́ gbọ́ tiwa, a wà, a ò tíì kú. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí, àmọ́ ìyẹn kì í ṣe ìròyìn mọ́. Òrùlé ilé ìdáná ti já lulẹ̀ nínú òjò, ó fọ́ ìkòkò omi mi, mo sì mọ̀ pé o ò tíì gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ fún ọ láìmọye ìgbà. Ohun tó jẹ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀ náà ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí, tí mo fi í rán awakọ̀ tó ń kó pákó wá fún bàbá rẹ, nítorí ìwé kì í dá ara rẹ̀ lóhùn.

O rántí ọjọ́ tí o gbé àpò oògùn wá nítorí sìgá bàbá rẹ. Dókítà ti sọ ọ́ lójú èmi àti ìwọ pé ẹ̀jẹ̀ tó ń bá ikọ́ rẹ̀ jáde kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ eré, pé bí bàbá rẹ kò bá fi sìgá sílẹ̀, sìgá kò ní fi í sílẹ̀ láyé. O ra oògùn, o ṣe bí ọmọ, mi ò ní purọ́ mọ́ ọ. Àmọ́ o ò pa ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Iwájú mọ́tò lo gbé àpò náà lé, ibẹ̀ náà lo ti ń tẹ fóònù tuntun tí o rà fún un, o tẹ̀ ẹ́, o tẹ̀ ẹ́, o wá ní kí n má ṣèyọnu, pé láràárọ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣírí yóò máa wọlé fún bàbá rẹ, o sì lọ. Mo ti gbé omi kaná fún ọ. Omi náà hó títí tó fi gbẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti pílásítà inú àpò oògùn yẹn, èyí tí wọ́n ní ó ń gba sìgá lẹ́nu ẹni. Ìwé inú páálí rẹ̀ ní kí á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, kò sọ pé ara ta ni. Bàbá rẹ lẹ tirẹ̀ mọ́ àyà, níbi tí ikọ́ ń gbé. Èmi náà rò ó pé oògùn olówó gọbọi bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó máa ṣiṣẹ́ lójú kan ṣoṣo, mo lẹ ọ̀kan mọ́ orúnkún. Kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná, ilé ti ń bá mi yí, òógùn bò mí, mo bì. Bàbá rẹ di orí mi mú, ó ń wò mí, ó ní bó ṣe ṣe òun gan-an nìyẹn lọ́jọ́ tí òun kọ́kọ́ mu sìgá, nígbà tí òun ṣì ń kọ́ṣẹ́ káfíńtà. Bí mo ṣe di amusìgá láti ojú orúnkún nìyẹn o, èmi tí mo ti ń bá a jà lórí ẹ̀ látìgbà tó ti fẹ́ mi. Ní ti ṣingọ́ọ̀mù tó bá a wá, bàbá rẹ ní ó ń ta òun lẹ́nu, àti pé bí òun bá ń jẹnu bí ewúrẹ́, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ wá á rò pé òun ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó fi ọ̀kan há abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì tó ń mì. Tábìlì náà kò mì mọ́.

Kì í ṣe pílásítà ló gba sìgá lẹ́nu bàbá rẹ, kì í sì í ṣe ṣingọ́ọ̀mù. Ọ̀rọ̀ rẹ ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí o lọ, fóònù dún láàárín èérún pákó. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì parí ni mo gbà á kà. Ó ní ẹ kú iṣẹ́, ó ní agbára yín ju ti sìgá lọ, ó ní mò ń fi yín yangàn. Mo ní ẹ, mo ní yín, àmọ́ kì í ṣe bó ṣe wà níbẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ gan-an ló pè, gbọnrangandan, bí ẹni ń pe ọmọọṣẹ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá kà á bẹ́ẹ̀, ìjà dé. Mo fi Bàbá mi síwájú, mo sì fi ẹ bá mi kí Màámi sẹ́yìn, torí kò sí níbẹ̀. Kò sì sí níbẹ̀ títí dòní.

Bàbá rẹ ní kí n tún un kà. Ó yọ sìgá tó há sétí, ó fi pẹ́ńsùlù rọ́pò rẹ̀. Ó ní ṣé ọmọ òun lè jí nínú gbogbo ìpọ́njú ìlú ńlá yẹn, kó kọ́kọ́ rántí òun kó tó rántí bàtà rẹ̀, kí òun sì tún máa mu sìgá? Kò mu ún mọ́ láti ọjọ́ náà. Àwọn pẹ́ńsùlù ló ń jìyà, ó ti rún gbogbo wọn. Sìgá kan ṣoṣo ló kù, ó wà nínú agolo ìṣó. Mo ní kó sọ ọ́ nù, ó ní kí n fi í sílẹ̀, òun ò fẹ́ mu ún, pé ọjọ́ tí ọmọ òun bá gbàgbé òun ni òun á mọ ohun tí òun fẹ́ fi ṣe.

Wọn kì í sì í kí èèyàn kó má dáhùn. Bàbá rẹ ń sọ, èmi ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. A sọ fún ọ pé òrùlé já, o ní kí á máa mu omi dáadáa. Bàbá rẹ ní bóyá o rò pé iná ló jó o. A sọ fún ọ pé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kú, èyí tó pọ̀n ọ́ dàgbà, o ní a ti ṣe gudugudu méje, kí á tẹ̀ síwájú bẹ́ẹ̀. Mo lọ sẹ́yìnkùlé lọ sunkún, mo padà dé, mo sọ fún bàbá rẹ pé o bá wa kẹ́dùn. Ó ní kí n bi ọ́ ìgbà tí o máa wá gbé àga tó kàn fún ọ, o ní kó mí kanlẹ̀. Ó gbé ayùn sílẹ̀, ó jókòó, ó mí kanlẹ̀ nítorí pé ìwọ lo sọ ọ́, ikọ́ sì gbé e ṣánlẹ̀.

Ìyẹn ni mo ṣe gbé fóònù lọ bá ọkùnrin tó ń tún un ṣe lẹ́bàá ibùdókọ̀, mo ní kó bá mi wò ó, bóyá ọ̀rọ̀ wa kì í dé ọ̀dọ̀ rẹ tán. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú mi, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó ní Màmá, kò sẹ́nì kankan níbẹ̀, pé nǹkan tí wọ́n ń fi sí fóònù àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú sìgá ni, tọmọdé tàgbà ló ń kí. Mo ní irọ́ ló ń pa. Ló bá fi í sí fóònù tirẹ̀, òun tí kò fi sìgá kan ẹnu rí, ó tẹ orúkọ ara rẹ̀ sí i, kò tíì gbọ́wọ́ kúrò tí nǹkan náà fi ní òun ń fi í yangàn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni o, ọ̀rọ̀ tí bàbá rẹ ní kí n tún kà sí òun létí.

Mo ti rò ó títí. Ohun tó bá ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ lẹ́nu, ọmọkùnrin yẹn lè ní kò sẹ́nì kankan, ọmọdé ló ń ṣe é. Ohun tó yé mi ni pé ọ́fíìsì kan wà lọ́dọ̀ yín níbẹ̀, tí àwọn ọmọ tọ́wọ́ wọn dí ti ń lọ gba akọ̀wé, kó máa bá wọn kí òbí. Òbí ti wá pọ̀ jù fún akọ̀wé yìí, kò lè máa dá ti òrùlé sí lọ́tọ̀, kó dá ti òkú sí lọ́tọ̀, ló ṣe ń kí gbogbo wa bákan náà. Mi ò bá a bínú. Kò pa àárọ̀ kan jẹ rí. Mo tiẹ̀ fẹ́ kí o bá mi bi í bóyá òun náà ní ìyá, àti ta ló ń bá a kí i.

Ṣùgbọ́n atúnfóònùṣe ní ọ̀fẹ́ ni èyí tí o fi sí i, pé bí oṣù yìí bá ti parí, á dákẹ́, àfi tí wọ́n bá sanwó. Bàbá rẹ ò mọ̀. Mi ò tíì sọ fún un, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́. Láràárọ̀ ló ń gbé fóònù sórí tábìlì iṣẹ́, ó ń dúró kó dún kó tó mú ohunkóhun, agolo ìṣó sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níbẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ owó, nítorí ìwé òbí kì í parí láìsí owó nínú. Jọ̀ọ́, kọ̀wé sí mi, eélòó ni wọ́n ń san fún akọ̀wé yẹn lóṣù? Iye yòówù kó jẹ́, a ó wá a. Àga rẹ wà nílẹ̀, eruku ti ń kún un, ẹni tó máa rà á kò ní wọ́n wa. A ó fi owó náà ránṣẹ́ sí ọ, kí o gbé iṣẹ́ náà fún ara rẹ. Kò le. Bàbá mi, ẹ jíire bí. Ó parí náà nìyẹn. Bí àyè rẹ̀ kò bá sì sí rárá, dákun, sanwó fún akọ̀wé yẹn kó má dákẹ́, kí o sọ fún un kó máa fi bàbá síwájú orúkọ, mi ò ní wà títí láé láti máa fi í sí i.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ rẹ. Wọ́n á dàgbà lójú rẹ, wọ́n á lówó jù ọ́ lọ, ọjọ́ tí ìwọ náà bá darúgbó, ẹnu ara wọn ni wọ́n á máa fi kí ọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́.

Bàbá rẹ ní kí n kí ọ. Òun ló sọ ọ́ o, kì í ṣe èmi ni mo fi sí i.