Adúmáadán Níwájú Gólì

Ọjọ́ Ajé, 3 oṣù kẹta, 2025. Àkúrẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sí mi lónìí, ọ̀kan péré ló wọlé. Kò sí gólíkípà họ́kì tó tó mi nílùú yìí — mi ò fọ́nnu o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù kí Kóòṣì Reuben tó mú àwọn tó máa lọ ìdíje àwọn ìpínlẹ̀. Tèmi ti dájú.

Ọjọ́rú, 5.
Ọ̀kan tó wọlé yẹn ṣì ń dun Kóòṣì. Ó ní mi ò kì í pariwo. Ó fi fíìmù àtijọ́ kan hàn wá lórí fóònù: ará Faransé kan tó ń ṣọ́ gólì họ́kì orí yìnyín. Kò fi nǹkan kan bojú, ẹnu rẹ̀ ò sì dákẹ́. Kóòṣì ní gólíkípà ló ń ríran fún gbogbo ẹgbẹ́, kí n máa pe orúkọ.

Pe orúkọ ta? Ẹni tó ń gbèjà gólì níwájú mi ni Agnes (inú ìwé yìí nìkan ni mo ti láyà àtikọ ọ́), ẹ̀gbọ́n Kìtán ọkọ mi. Ìyàwó wo ló ń pe ẹbí ọkọ lórúkọ? Ọmọ ọdún méjì tí mo bá nílé wọn pàápàá, "Ọ̀gá Mi" ni mò ń pè é. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó ni Agnes ti ń jẹ́ Adúmáadán lẹ́nu mi.

Sátidé, 8.
"Adúmáadán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sápá òsì!" Kí n tó dé "ẹ jọ̀ọ́", bọ́ọ̀lù ti wà nínú àwọ̀n. Wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín títí. Inú bí mi gan-an.

Ọjọ́ Ajé, 10.
Kóòṣì ní tó bá tún ṣẹlẹ̀ nígbà tí a bá lọ bá ẹgbẹ́ Oǹdó gbá, Fìyìnfólúwa, gólíkípà wa kejì, ló máa ṣọ́ gólì. Fìyìnfólúwa! Tó ń dijú bó bá ti rí bọ́ọ̀lù!

Ọjọ́bọ̀, 20.
Mo bi Kìtán pé kí ni kí n ṣe. Ó ní ìyá òun ń bọ̀ wá wòran. Ìrànlọ́wọ́ nìyẹn.

Sátidé, 22. Oǹdó.
A fi gólì kan ṣáájú, ó ku ìṣẹ́jú kan. Ọmọ Oǹdó kan yọ lẹ́yìn Adúmáadán, kò rí i. Ẹnu mi ló kọ́kọ́ là, èmi ò tíì rò ó tán —
"Agnes! Òsì!"
Ó yí bírí, ó gbá bọ́ọ̀lù náà dànù. A borí. Kóòṣì kọ orúkọ mi sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mo lọ kúnlẹ̀ kí Màmá. Wọ́n ní ta ló fún mi láyè tí mo fi ń pe ọmọ àwọn lórúkọ ní gbangba. Agnes ló dáhùn, ó ṣì ń mí hẹlẹ: "Èmi ni, Màmá. Ó ti pẹ́ tí mo ti sọ fún un."

Kò sọ ọ́ fún mi rí.