Ànàmọ́ Kì í Sọ Pé Òun Dùn

16, Òpópónà Etí Odò,
Ōpōtiki,
New Zealand.
9 Oṣù Kẹsàn-án, 2019.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Paratene,

Tīria ti bímọ o, obìnrin làǹtì-lanti, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ ìyá wa. Ọmọ Hēnare kejì ti gbéyàwó. Ọmọ erékùṣù Niue ni ìyàwó, ó sì mọ ẹja sè ju gbogbo wa lọ. Ìyàwó Rua náà ti lóyún, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́, nítorí náà ẹ má sọ. Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹsẹ̀ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ńkọ́? Ṣé ẹ ti ń dìde láìdi ògiri mú? Ìyàwó yín àti ikọ́ rẹ̀ yẹn ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ lẹ́tà yìí. Olùkọ́ wa ní kíláàsì àgbà kàn bá mi wo ibi tí mo ti fo ọ̀rọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Ngāhuia, ọmọ Mākere ọmọ mi, ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Ọ̀gá ilé-ìwé wa ti fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ń wá arọ́pò. Ọdún méjì ni Ngāhuia fi lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe aṣáájú. Wọ́n ní ọ̀nà àwa Māori wà nínú ẹ̀kọ́ náà: kí èèyàn kọ́kọ́ fọ abọ́ nílé ìdáná kó tó jókòó níwájú. Ta ló wá fọ abọ́ tó ọmọ yẹn? Òun ló ní kí ọmọ ńlá kọ̀ọ̀kan mú ọmọ kékeré kan, kí wọ́n jọ máa kàwé láràárọ̀ bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọmọ mẹ́tàlélógójì tí kò dá lẹ́tà mọ̀ ló ń kàwé geere báyìí. Èmi náà máa ń lọ jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Ẹtì; ọmọ ọdún mẹ́fà kan ló ń tún ìwé kíkà mi ṣe.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Èmi àti Mākere tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí ẹbí. Wọ́n fi àṣà wa kí wa káàbọ̀, ó dùn mọ́ mi. Ni alága wọn, Ọ̀gbẹ́ni Pratley, onímàlúù yẹn, bá bèèrè pé, “Kí ni ìwọ fúnra rẹ ṣe táwọn ọmọ fi mọ̀wé kà?”

Ngāhuia ní, “Gbogbo wa la jọ ṣe é, sà.”

“Ìwọ ni mo ní. Mi ò bèèrè gbogbo yín.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó wolẹ̀. “Àwọn ọmọ ńlá ló ṣiṣẹ́ jù, sà.”

Ẹ̀gbọ́n mi, ànàmọ́ kì í fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun dùn. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Mo jókòó, mo ń wo ẹ̀kọ́ tí mo fún un bó ṣe ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀.

Alága wá ní ṣé ẹbí lọ́rọ̀ láti sọ. Ta ni yóò dìde? Baba ọmọ ti kú, ọkọ mi ti kú, àwọn ọmọkùnrin wa kò sì gbọ́ èdè baba wọn dé ibi ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ mọ̀ pé nílé tiwa, níbi tí wọ́n bá ti fi àṣà kíni, obìnrin kì í mú ọ̀pá dìde sọ̀rọ̀. Orin ni tiwa. Mo dìde, mo kọrin. Mo parí rẹ̀, mo jókòó. Ọkùnrin tí wọ́n jọ ń dupò, wọ́n ní wákàtí kan gbáko ló fi sọ ti ara rẹ̀, tòun tàwòrán.

Nínú ọkọ̀, Mākere ní, “Màámi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá adìyẹ jà láàárọ̀ lálẹ́! Ọjọ́ tí a nílò ẹnu yín gan-an lẹ wá yadi?”

“Ṣé kí n tẹ òfin àwọn baba mi mọ́lẹ̀ ni?”

Ngāhuia wá ní, “Màmá àgbà, bí mo bá di ẹlòmíràn kí n tó gba ipò yẹn, ta ló gbà á?”

Lánàá ni wọ́n kọ̀wé pé kó padà wá lọ́jọ́ kẹrìnlélógún. Òun àti ọkùnrin yẹn nìkan ló kù. Ọjọ́ náà ni wọn yóò mú ẹnì kan. Ẹ̀yin lọkùnrin tó kù tó lè dìde sọ̀rọ̀ fún un; Mākere ní kí ẹ sọ ọ́ lórí fóònù. Mo ní fóònù kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi dìde dúró. Mo mọ̀ pé dókítà ní kí ẹ má tíì wọ bàlúù. Mi ò lè ní kí ẹ wá, mi ò sì lè ní kí ẹ má wá. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi rèé, n ò tó pẹpẹ, n ò wọ kèrègbè.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín, ẹ bá mi kí gbogbo ará wa tó wà ní Brisbane níbẹ̀. Mo ti ní kí Mākere fi owó sí àpò yín ní báńkì. Bí ẹsẹ̀ bá gbà, ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì. Bí kò bá gbà, ẹ fi ra oògùn, n ò ní bèèrè. Gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ mi nìyẹn: ẹgbẹ̀ta dọ́là.

Èmi ni àbúrò yín tó ń wojú ọ̀nà,
Hūhana.