Ọlápàdé Kò Yadi

Ìbòkun, Ìjẹ̀ṣà,
Oṣù Kọkànlá, 1991.

Olúwatóyìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé àlàáfíà ni o bá ilé nígbà tí o ti Kàdúná dé? Bàbá Ọlápàdé ńkọ́? Mo kí i púpọ̀púpọ̀. Olúwa tó mú ọ lọ tó sì mú ọ bọ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀, ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá rẹ ní kí o lọ kọ́ lọ́hùn-ún yóò di ìgbéga fún ọ, ilẹ̀ Èkó kò ní gbé ọ mì. Àmín. Ara èmi náà le, àfi orúnkún tó ń dún bí ìlẹ̀kùn ìdáná, ṣùgbọ́n ó ṣì ń gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bí o bá rí àṣìṣe nínú ìwé yìí, fojú fò ó, ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mo ti kọ́ ọ, tíṣà wa sì máa ń sùn.

Mo dé ilé láyọ̀. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Ọ̀yìngbò bàjẹ́ lọ́nà, gbogbo wa sọ̀ kalẹ̀ kọrin títí wọ́n fi tún un ṣe. Ewúrẹ́ mi bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn jọ bàbá ìjọ wa lójú, mi ò tíì sọ fún wọn. Mo mọ̀ pé inú rẹ kò dùn pé mi ò dúró dè ọ́, àárọ̀ ọjọ́ tí o ń bọ̀ ni mo kúrò nílé yín ní Ìpọ̀nrí, ṣùgbọ́n ìkórè Ẹgbẹ́ Ìyá kì í dúró de ẹnikẹ́ni, èmi ni mo sì ń gbé àwo owó.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé gan-an ni ti Ọlápàdé. Má jáyà, kò sí aburú. Ṣùgbọ́n àwọn nǹkan kan wà tó yẹ kí òbí mọ̀ nípa ọmọ tó bá ti ń sún mọ́ ọdún kẹtàlá, tó sì wà ní kíláàsì tí ẹ̀yin ń pè ní Jéésì Tú yẹn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà, Jésù ni mo rò pé wọ́n ń pè, mo ní àmín, Jésù á tú u sílẹ̀. Àṣé àdúrà tí ọmọ náà nílò gan-an ni mo ń gbà.

Ìwọ náà mọ ọmọ rẹ. Bí a bá rán an ní iyọ̀, á kọrin lọ, á kọrin bọ̀, á tún sọ ìtàn ẹni tó ta iyọ̀ fún wa. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ yín, lẹ́yìn tí o ti lọ sí Kàdúná, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé àpò mi, ó rẹ́rìn-ín sí mi, kò sì sọ nǹkan kan. Mo ní ṣé dáadáa ni, ó mi orí. Mo ní ṣé o ti jẹun, ó mi orí. Mo ní kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀, ó tún mi orí, èyí kò sì bá ìbéèrè mu. Bàbá rẹ̀ kò fura. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń lọ síbi iṣẹ́ ní Ìsọlọ̀, ìgbà tó bá sì fi máa dé, ọmọ ti sùn. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ìgbà tó yá ni mo rí okùn dúdú kan tó ti àpò ṣòkòtò rẹ̀ jáde, tó pín sí méjì, tó wọ etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọkàn mi já. Mo ní háà, ọmọ yìí ti di adití, wọ́n ti fi ẹ̀rọ sí i létí ní ọsibítù, Tóyìn kò sì sọ fún mi kí n má baà sunkún. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo bá a sọ̀rọ̀. Mo fi gbogbo agbára mi bi í bóyá ìrẹsì ló fẹ́ jẹ, àwọn ará òkè àti ti ìsàlẹ̀ ilé yín tú jáde, wọ́n ní níbo ni iná ti ń jó. Ọmọ náà bá yọ okùn yẹn, ó fi sí mi létí. Olúwatóyìn, odidi ìjọ ló wà nínú rẹ̀! Wọ́n ń kọrin, wọ́n ń tẹ dùùrù. Mo ní ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú orin. Wọn ò dáhùn, ó jọ pé wọ́n jìnnà. Ó wá fi páálí dúdú tí wọ́n ń pè ní Wọ́kúmánì hàn mí, ó ní ibẹ̀ ni wọ́n wà, ìyẹn ni pé ó fi ìka júwe rẹ̀, nítorí kò sọ̀rọ̀.

O rántí ọjọ́ tí o pè wá láti Kàdúná lórí tẹlifóònù onílé yín. Mo gbé e sí i létí, o béèrè àlàáfíà rẹ̀, ó sì mi orí fún ọ dáadáa. Nígbà tí o ní o kò gbọ́ nǹkan kan, mo ní ó ti dá ọ lóhùn, kí o fara balẹ̀ wò ó. Mo rò pé wáyà ló gbé e mì lójú ọ̀nà.

Mo wá rò pé egungun ẹja ló há a lọ́fun. Mo tẹ ẹ̀bà, mo ní kó gbé òkèlè ńlá mì, ó gbé e mì. Mo tẹ òmíràn, ìyẹn náà lọ. Nígbà tó tún na àwo sí mi, mo rí i pé ebi lásán ló ń pa á.

Báyìí la wà tí Jemilat, ọmọ kíláàsì rẹ̀ tó ń gbé ilé kejì sí yín, fi wá jẹ́ iṣẹ́ pé tíṣà àwọn ní kí òbí Ọlápàdé wá ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí Pítíè máa bá àwọn òbí àti tíṣà ṣe ìpàdé. Bàbá Ọlápàdé ní òun kò lè gba àyè, ó ní kí n bá òun lọ gbọ́ ọ, ó rò pé owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Mo wọ aṣọ òfì mi, mo jókòó síwájú, mo ń retí Ọ̀gbẹ́ni Pítíè. Gbogbo ènìyàn ń sọ pé Pítíè fọwọ́ sí èyí, Pítíè kò fọwọ́ sí tọ̀hún, títí a fi túká, ọkùnrin náà kò yọjú. Mo rò pé ẹni ńlá ni, irú wọn kì í tètè dé.

Lẹ́yìn náà ni Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì, tíṣà kíláàsì wọn, pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo lè bí i lọ́mọ, ṣùgbọ́n mo ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ nítorí ṣọ́ọ̀kì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní láti bí oṣù kan, bí òun bá ní kí Ọlápàdé kàwé sókè, á dìde, á panu mọ́, á máa wo ilẹ̀. Òun ti ní kó kúnlẹ̀, òun ti ní kó gé koríko, kò yí padà. Ó ní máàkì rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, nítorí díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ń kó máàkì jọ fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ táàmù, tí àwọn á wá kó gbogbo rẹ̀ fún un lápapọ̀ ní ìparí. Mo ní háà, àjọ ni! Ó ronú díẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, àjọ ni. Mo ní ta ni alájọ? Ó ní òun ni. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá lọ o.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí Ọlápàdé kò bá fi ẹnu ara rẹ̀ tọrọ àforíjì, wọn á lé e wálé, kò sì ní bá wọn ṣe ìdánwò. Wọ́n pe ọmọ náà. Ó kúnlẹ̀, ó la ẹnu, ó tún pa á dé, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì ní ẹ ò rí i bí? Mo bẹ̀ ẹ́ kó fún wa di ọ̀la. Ó gbà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le.

À ń padà bọ̀ wá sílé, inú ń bí mi, mo ń sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó ń bá igi wí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìpọ̀nrí, mo fẹ́ sọdá, mi ò wo ọ̀nà. Ọ̀kadà kan ń sáré bọ̀. Ni ohùn ọkùnrin kan bá bú jáde lẹ́yìn mi, ó ní Ìyá àgbà, ẹ dúró! Mo dúró gbagidi. Ọ̀kadà náà kọjá, ó fẹ́ aṣọ mi lẹ́sẹ̀. Mo yíjú, mo rí bàbá oníṣu kan, mo kúnlẹ̀ fún un níbẹ̀, mo ní ẹ ṣé o, ẹ ti gba ẹ̀mí mi là. Bàbá náà ní òun kọ́, iṣu òun lòun ń tò. Ó nawọ́ sí Ọlápàdé. Ọmọ náà ti fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu bí ẹni tó jí ẹran jẹ.

Tóyìn, ohùn bàbá rẹ ni. Ohùn yẹn gan-an tó fi máa ń pè mí nínú oko kòkó pé Àríkẹ́, oòrùn ti wọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo jókòó sórí àpótí oníṣu, mo ní kí Ọlápàdé tún pè mí. Ó kọ̀. Mo ní mo bẹ̀ ọ́. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní Ìyá àgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ bí àgbàlagbà, ó fò sókè bí àkùkọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ kíkọ, ó tún já wálẹ̀. Ó ń retí kí n fi òun rẹ́rìn-ín. Ẹkún ni mo ń sun.

Ìgbà náà ló tó sọ ọ́. Ó ní òun ń kàwé lọ́jọ́ kan ni ohùn òun pín sí méjì, gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, wọ́n sọ òun ní Bàbá-àti-Ìyá. Tíṣà náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, bàbá rẹ̀ ní kó wá kọrin fún àlejò bó ti máa ń ṣe, ó bá sá wọ ilé ìwẹ̀. Ó ní òun wá pinnu láti dákẹ́ títí ohùn òun àtijọ́ á fi padà. Mo ní kò ní padà mọ́, ọkọ mi, ti ọkùnrin ló ń gba ipò rẹ̀. Mo ní àwọn ẹ̀gbọ́n màmá rẹ náà gba ibẹ̀ kọjá, ọ̀kan ń ké bí ewúrẹ́ fún odidi ọdún kan, lónìí òun ló ń wàásù ní Iléṣà. Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gan-an fọ́ sí méjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo tẹ̀ lé e lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Ọ̀gbẹ́ni Yẹ̀kínnì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní Màmá, òótọ́ ni pé mo rẹ́rìn-ín, mi ò mọ̀ pé ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀. Ó wọlé, ó rọra ní kí Ọlápàdé kàwé. Èmi dúró lẹ́nu fèrèsé. Ọmọ náà dìde, ó ṣí ìwé, ohùn náà jáde, ó fọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Jemilat yíjú sí wọn, ó ní ẹ jẹ́ kó kà á jàre, ṣé tiyín náà kò ní fọ́ ni? Tíṣà lọ dúró ti Ọlápàdé. Ó kà á dé ìsàlẹ̀ ìwé. Mi ò mọ ohun tó kà, òyìnbó ni, ṣùgbọ́n mo pàtẹ́wọ́ títí wọ́n fi ní kí n kúrò lẹ́nu fèrèsé.

Ọ̀gbẹ́ni Sylvester tó ń kọ́ wọn lórin náà pè mí. Ó ní inú tìrébù, àwọn tó ń fi ohùn òkè kọrin, ni Ọlápàdé wà tẹ́lẹ̀, kò lè wà níbẹ̀ mọ́. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, mo ti mọ̀ pé ọmọ náà wà nínú tìróbù. Ó ní lọ́dún yìí, yóò máa ṣí ìwé orin fún ẹni tó ń tẹ dùùrù, tí ohùn rẹ̀ bá wá jókòó, yóò bọ́ sáàárín àwọn ọkùnrin.

Ọlápàdé fúnra rẹ̀ ló ní kí n sọ fún yín, ojú ń tì í. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é mọ́ pé kó wá kọrin fún àlejò. Bàtà rẹ̀ ti há, ó ń tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, kò sọ. Ẹ bù sí oúnjẹ rẹ̀. Ẹ ra ọṣẹ fún un, òógùn rẹ̀ ti ń dàgbà jù ú lọ. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ mìíràn kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ bá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá ń rìn lọ ni kí ẹ bi í, ẹ má jókòó dojú kọ ọ́ bí ọlọ́pàá.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ìjì ti ṣí páànù ìdáná mi, mo ń ka ìràwọ̀ bí mo ṣe ń ro ọkà. Bí ọwọ́ rẹ bá ká a, fi owó páànù rán dírẹ́bà Iléṣà tó ń gbé èrò lọ́dọ̀ yín. Má fi sí báńkì o. Èyí tí o fi síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, mo lọ kí i, wọn ò jẹ́ kí n rí i, ìwé ni wọ́n fi hàn mí, wọ́n ní ara rẹ̀ le. Fi owó ọkọ̀ Ọlápàdé náà sí i, kó wá bá mi ṣe Kérésì. Bí kò bá tó méjèèjì, jẹ́ kí páànù ṣì dúró. Ọyẹ́ ti dé, òjò ṣì jìnnà, ṣùgbọ́n ohùn ọmọ yẹn ń yí padà lójoojúmọ́, mo fẹ́ gbọ́ eléyìí kó tó di òmíràn.

Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Ohun tí ọmọ yín bá ní lọ́kàn, ẹ ó tètè gbọ́. Ẹ ó jẹ èrè rẹ̀ pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àríkẹ́.