Ibojì Asimawu Létí Ọ̀sà

                                        Ilé Ajíbádé,
                                        Òkè-Àgbò,
                                        Ìjẹ̀bú-Igbó.
                                        Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún, ọdún 2022.

Zechariah, àna mi tí mo fẹ́ràn bí àbúrò,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Ẹ kú ooru, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìfaradà omi. Ṣé gbogbo ará Òde-Omi wà lálàáfíà? Àwa náà ń bẹ, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Adépéjú, ìyàwó Gbóyèga ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé ohun tí mo bá wí gan-an ni kó kọ, kó má fi oyin sí i.

Ooru ọdún yìí kò ṣeé fẹnu sọ. Aṣọ tí a bá sá kì í gbẹ bọ̀rọ̀. Ìyá Lará tó wà lẹ́yìnkùlé wa ṣubú nídìí agbada gàrí, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Lẹ́yìn ooru ni ìjì dé. Ó ṣí òrùlé ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Àgọ́-Ìwòyè, ó sì wó igi lu kòkó mi ní Mamu. Àgbàdo tí mo gbìn sí òjò àkọ́rọ̀, oòrùn ti jó o ṣáájú. Láti kékeré ni mo ti ń wo ojú ọ̀run kí n tó gbin nǹkan, bí bàbá mi ti kọ́ mi. Lọ́dún yìí, ó tàn mí jẹ.

Kì í ṣe nítorí àgbàdo ni mo fi ń kọ̀wé. Ọláyínká ọmọ rẹ wá síbí lọ́jọ́ Àìkú. Ó ní omi ọ̀sà ti wọ yàrá rẹ, pé àwọn aládùúgbò ti kó lọ sórí ilẹ̀ gíga, ìwọ nìkan ló kù, tí o gbé bẹ́ẹ̀dì lé bíríkì. Ó ní òun bẹ̀ ọ́ títí, ohun tí o sọ kò ju, "Ta ni yóò jókòó ti ìyá yín?" lọ. Ó sunkún níwájú mi. "Bàbá Òkè-Àgbò, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ lágídí jù wọ́n lọ." Mo rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò lè jẹun.

Zechariah, o rántí bí a ṣe sin Asimawu. Àbúrò mi ni kó tó di ìyàwó rẹ. Nígbà tí ìjì dojú ọkọ̀ omi wọn dé bí wọ́n ṣe ń ti ọjà bọ̀, mo fẹ́ gbé òkú rẹ̀ wálé. Àwọn àgbà yín ní etí omi tí wọ́n bá ti rí ẹni tí omi gbé ni wọ́n ń sin ín sí, wọn kì í gbé e wọ̀lú. Mo bá wọn jiyàn títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ìwọ lo fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ mi. Mi ò ní jẹ́ kó dá wà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ tí mo fi gbà. O sì ti mú un ṣẹ.

Ọláyínká ní omi ti ń gorí ibojì náà báyìí, sìmẹ́ńtì rẹ̀ sì ti ń là. Mo mọ ohun tí o ń wí lọ́kàn rẹ: omi á tún padà, bó ṣe ń padà lọ́dọọdún. Irú ohun tí àwọn obìnrin inú ọkọ̀ ọjọ́ yẹn sọ nìyẹn. Awakọ̀ ní kí wọ́n dúró. Wọ́n ní òjò tó bá ṣú lápá òkun lọ́sàn-án, orí òkun náà ló ń rọ̀ sí. Bó sì ṣe máa ń rí tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ náà, kò rí bẹ́ẹ̀. Níbi iṣẹ́ Gbóyèga ní yunifásítì, wọ́n ń sọ pé òjò oṣù tó ń bọ̀ yóò ju èyí lọ, pé òkun yóò máa ti omi ọ̀sà padà, kò ní ríbi ṣàn lọ.

Mi ò ní kí a hú Asimawu kúrò níbẹ̀. Ọ̀sà ti pa á, kò lè tún un pa mọ́. Ìwọ ló kù tó lè pa.

Nítorí náà, gbọ́ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Màá wá lọ́jọ́ Sátidé. Láti ọjọ́ ìsìnkú yẹn, mi ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ omi mọ́. Ìwọ lo máa ń wá kí mi. Lọ́tẹ̀ yìí, màá wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ odò wẹ̀. Gbóyèga ní òun kò gbà. Bí mo bá bá ẹrù rẹ ní dídì, a ó jọ lọ bá Asimawu, a ó sọ fún un pé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lò ń lọ, kó má wá ọ. A ti kun yàrá tó kọjú síta dè ọ́. Bí o bá sì ní o ò lọ, màá tẹ́ ẹní mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ lórí bíríkì yẹn, kí a jọ máa wo omi. O mọ̀ mí.

Ọláyínká ni yóò mú lẹ́tà yìí wá, kó kà á sí ọ létí. Bá mi kí Rachel àbúrò rẹ níbi tó sá lọ. Níkẹ́ ìyàwó mi àti gbogbo ilé ń kí ọ.

Èmi ẹ̀gbọ́n Asimawu, tó tún jẹ́ tìrẹ,
Bàdírù Ajíbádé.
Mo fi àtàǹpàkò mi tẹ̀ ẹ́.