Ikán Kò Jẹ Ìwé Ìyá Rẹ

Ọmọ mi Yorleny,

Ikán kankan kò jẹ ìwé nílé yìí rí. Irọ́ ni mo pa fún ọ lọ́dún tó kọjá nígbà tí o ní kí n bá ọ wá ìwé owó ọ̀yà àtijọ́ tó bá ṣẹ́ kù nílé fún iṣẹ́ ọ́fíìsì rẹ, irọ́ kan náà ni mo sì pa fún ìyá rẹ lọ́dún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo fi í ṣáájú ìkíni nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá kí ọ tán, tí mo ròyìn òjò, tí mo ròyìn adìyẹ, bébà á ti kún, n ó sì sọ fún ara mi pé kò sí àyè mọ́.

Ó yá, mo kí ọ. Ṣé ara le? Ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ nítorí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì ti fúyẹ́? Kí Màríà Wúńdíá Àwọn Áńgẹ́lì má gbé ojú kúrò lára rẹ ní San José níbẹ̀, kí bọ́ọ̀sì má gbá ọ, kí ọ̀gá rẹ má bínú sí ọ, kí òtútù tí ẹ ń fi ẹ̀rọ ṣe nínú ilé má wọ inú egungun rẹ. Àwa náà wà. Kọfí ti ń pọ́n nísàlẹ̀ òkè, òjò ni kò jẹ́ ká rí i ká tó bó ṣe yẹ. Adìyẹ funfun ti kú. Don Filemón aládùúgbò wa ra eyín tuntun, kò sì jẹ́ ká gbádùn, ẹ̀rín ló ń rín káàkiri láti àárọ̀ bí ẹni tó jogún.

Ohun tí kò jẹ́ kí oúnjẹ dùn lẹ́nu mi nìyí. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń jẹ́ Grettel wá láti ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń kó ìṣirò owó ọ̀yà jọ. Ó wọ bàtà òjò, ó so káàdì kọ́ ọrùn, ó sì gbé síléètì dúdú kan lọ́wọ́. Èmi tí mo fi síléètì kàwé, mo mọ̀ pé síléètì kò wúlò láìsí ṣọ́ọ̀kì, mo bá wá ṣọ́ọ̀kì fún un, pẹ̀lú àkísà tútù tí yóò fi máa nù ún. Ó dúpẹ́, ó ní ẹ jọ̀ọ́, Don Eladio, ẹ má fi omi yẹn kàn án. Ìka ló fi ń kọ ọ́, ìka náà kò sì dọ̀tí.

Ó ní òfin sọ pé àṣírí ni ohun gbogbo tí mo bá sọ fún òun. Mo bi í bóyá bíi ti fadá ni. Ó ní ó fẹ́ jọ bẹ́ẹ̀. Mo bá jẹ́wọ́ fún un pé èmi ni mo gé igi ọsàn Filemón lulẹ̀ lọ́dún tí ìjì jà, pé kì í ṣe ìjì. Ó wo síléètì títí, ó ní kò sí àyè fún ìyẹn nínú ìbéèrè. Ìwọ náà má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé pé apá àwọn kò lè ká gbogbo ilé, nítorí náà wọ́n ṣa ilé díẹ̀díẹ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè, tiwa sì wà nínú àwọn tí wọ́n ṣà. Ó ní ilé wa dúró fún ilé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá. Yorleny, mo jókòó. Mo bi í bóyá wọ́n ti sọ fún àwọn ará ilé náà. Ó ní rárá, wọn kò ní mọ̀. Mo ní ṣé èmi ni n ó máa bọ́ wọn ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní iṣẹ́ mi kò ju kí n sọ òtítọ́ lọ. Ìyẹn ló wá bà mí lẹ́rù jù, nítorí ẹni tó ń bọ́ ènìyàn lè bẹ ará ilé kó bá òun gbé ìkòkò, ṣùgbọ́n ta ni ń báni sọ òtítọ́ ẹni?

Láti ọjọ́ náà Filemón kò pe orúkọ mi mọ́, Ààrẹ ló ń pè mí. Bó bá ń kọjá lẹ́bàá ọgbà, á yọ eyín tuntun, á ní, Ààrẹ, ilé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ń kí yín o, wọ́n ní ẹ kò tíì dáná.

Grettel bi mí bóyá mo ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ì báà jẹ́ wákàtí kan péré. Mo sọ fún un pé mo bá Filemón tún ọgbà rẹ̀ ṣe fún wákàtí méjì, ó sì fún mi ní odidi ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Ó ní iṣẹ́ nìyẹn, ọ̀yà sì ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà, èló ni wọn ì bá tà á lọ́jà? Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta kólónì. Ó kọ ọ́. Ìgbà tó lọ tán ni mo wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn dáadáa: ìdajì rẹ̀ ti jẹrà. Ṣé o rí i, ọmọ mi? Bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá ló wà nínú ìwé ìjọba, ìdajì gbogbo wọn ti bàjẹ́, kò sì sí ẹni tó mọ̀ àfi èmi. Bí mínísítà bá lọ gbára lé e pé ará oko ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àjẹyó, ọrùn ta ni? Bá mi sọ fún wọn ní ọ́fíìsì.

Bá mi sọ̀rọ̀ apẹ̀rẹ̀ náà fún wọn. Ọkùnrin inú rédíò ní owó ọ̀yà gòkè díẹ̀ lọ́dún yìí, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ gòkè jù ú lọ. Èmi tí mo ṣe akọ̀wé ọ̀yà ní oko Las Golondrinas fún ọdún mọ́kàndínlógún, mo mọ ọgbọ́n yẹn. Lọ́dún kan, alábòójútó oko pààrọ̀ apẹ̀rẹ̀ tí a fi ń wọn kọfí sí èyí tó jinlẹ̀ jù, owó apẹ̀rẹ̀ kan kò yí padà, àwọn tó ń ká kọfí kò sì mọ ohun tó ń rẹ̀ wọ́n. Bí mo ṣe gbọ́ ti rédíò yìí, mo sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn kọfí, mo ń pariwo pé kí wọ́n fi ọ̀pá wọn inú apẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gba owó. Ìyá rẹ ló wá fà mí lápá. Ó ní, Bàbá Yorleny, ẹ má dójú tì mí, apẹ̀rẹ̀ oúnjẹ ni wọ́n ń wí, ìrẹsì, ẹ̀wà, epo, ohun tí ilé kan ń rà jẹ lóṣù, òun ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá owó ọ̀yà lè bọ́ ènìyàn. Ó ní, láti ọjọ́ tí òun ti ń dáná fún mi, apẹ̀rẹ̀ wo ni mo rò pé òun ń gbé lọ sọ́jà? Síbẹ̀, ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n.

Ìwọ náà sọ lórí fóònù pé iṣẹ́ rẹ ni kí o yọ afẹ́fẹ́ tí ọ̀wọ́n gógó ọjà ń fẹ́ sínú owó kúrò nínú owó ọ̀yà àtijọ́, kí ẹ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòní. Mo ti ń rò ó bí ẹni ń ro táyà kẹ̀kẹ́. Bí o bá yọ afẹ́fẹ́ kúrò nínú owó tí mo gbà láyé mi, púpọ̀ nínú ohun tó máa ṣẹ́ kù, ìyá rẹ ló ni ín.

Nítorí nígbà tí Grettel bi mí tán, ó kọjú sí ìyá rẹ tó ń yí tòtíyà àgbàdo lórí iná. Ó ní, Doña Ersilia, iṣẹ́ wo lẹ ti ṣe rí tó mú owó wá? Ìyá rẹ kò bojú wẹ̀yìn. Ó ní, ẹ bi Bàbá Yorleny, òun ni akọ̀wé, òun ló mọ̀ bóyá mo ṣiṣẹ́ rí. Grettel wò mí. Èmi wo síléètì. Mo ní tòtíyà ti ń jóná. Ó ní kò burú, òun á fi àlàfo yẹn sílẹ̀, òun á padà wá ní Ọjọ́bọ̀. Òní ni Ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Bó ṣe jẹ́ nìyí. Ní oko, orúkọ olórí ilé nìkan là ń kọ sínú ìwé ọ̀yà. Ìyàwó ká a, ọmọ ká a, orúkọ bàbá la ń kọ ọ́ sí, ọwọ́ mi yìí ló sì ń kọ ọ́. Ìyá rẹ ká kọfí fún ìkórè mẹ́sàn-án. Èmi tí n kò já ẹyọ kan rí, orúkọ mi ni mo kọ gbogbo apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí. Mo ń gba owó náà pọ̀ mọ́ tèmi, mo ń yọ díẹ̀ fún un nínú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni tó ń ṣàánú, obìnrin náà a sì máa ní ẹ ṣeun.

Kò mọ̀wé ju nọ́ńbà lọ, ṣùgbọ́n ó ní ìwé kékeré kan tó ń fàlà sí: apẹ̀rẹ̀ kan, ìlà kan, bó bá di ìkarùn-ún, á fà á dábùú mẹ́rin ìṣáájú. Lọ́dún tí o wọ ilé ẹ̀kọ́, ọkùnrin kan wá láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ó bi mí bóyá ìyàwó mi ń ṣiṣẹ́. Ṣáàtì funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú tì mí kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàwó akọ̀wé ń wọ́ nínú ẹrẹ̀. Mo ní rárá, ìyàwó mi kì í ṣiṣẹ́, ilé ló máa ń jókòó sí. Ìyá rẹ gbọ́, ó jáde pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ láti fi han ọkùnrin náà. Mo gbà á, mo rẹ́rìn-ín, mo ní eré ọmọ wa ni, pé ìwọ lo ń fàlà kiri. Mo tì í mọ́ inú àpótí páànù mi. Nígbà tó béèrè rẹ̀, mo ní ikán ti jẹ ẹ́.

Títí di Ọjọ́ Ẹtì yẹn, mo rò pé obìnrin kan ni mo pa rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ilé wa bá dúró fún ilé ọ̀ọ́dúnrún nísinsìnyí, yóò ti dúró fún iye kan nígbà náà. Gbólóhùn kan ni mo fi lé gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kúrò lórí òkè, tàwọn ti apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n so mọ́ ìbàdí.

O ti sọ fún mi bí ẹ ṣe ń tò ó: iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ń yọ orúkọ kúrò kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ènìyàn mọ̀, ẹ sì ń tò ó tẹ̀ lé ara wọn lọ́dọọdún kí àwọn onímọ̀ lè kà á. O ní ohun tó ta kókó ni pé láwọn ọdún wọ̀nyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí obìnrin lóko kọfí, ẹ kò sì mọ ibi tí wọ́n lọ. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, mo pa fóònù. Ibi tí wọ́n lọ nìyí, ọmọ mi: inú àpótí páànù lábẹ́ ibùsùn mi.

Ó kù kí n tọrọ owó. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀: owó káàdì fóònù, owó gíláàsì ojú, owó kọfí àti búrẹ́dì fún àwọn olórí ilé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjìlá bí wọ́n bá gbọ́ tí wọ́n wá kí mi. Ṣùgbọ́n kálámù kò rìn mọ́. Ìyá rẹ wà ní ìdí iná, ó ń ṣa ẹ̀wà. Dúró dè mí.

Mo ti dé. Mo fa àpótí náà jáde, mo sì gbé ìwé náà fún ìyá rẹ. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ kó tó gbà á. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn. Ó ní, ikán ilé wa mà mọ ìwà á hù o, ọdún mẹ́tàdínlógójì ni wọ́n fi jẹ ìwé kan, wọn kò sì fi eyín kan ewé rẹ̀. Mo ní èmi ni ikán náà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní, ta ni mo rò pé ó ń gbá abẹ́ ibùsùn? Kọ́kọ́rọ́ tí mo ń fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀, ta ni mo rò pé ó ń fọ ìbọ̀sẹ̀? Mo ní kí ló dé tí kò mú un. Ó ní òun kì í jí ohun tó jẹ́ tòun, wọ́n gbà á lọ́wọ́ òun ni. Ọwọ́ tó gbà á ni òun ń dúró dè.

Ó ṣí i sí oṣù Kejìlá kan, ó fi ìka hàn mí. Ọjọ́ méjì péré ló ṣófo. Ìyẹn ni ìgbà tó bí ọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìlà méjì. Mo rántí pé wọ́n fún èmi ní ìsinmi ọjọ́ mẹ́rin nígbà náà, pẹ̀lú owó.

Ó ní n kò ní fi ìwé òun ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Grettel ni yóò kọ́kọ́ rí i ní Ọjọ́bọ̀, òun fúnra òun ni yóò sì dá a lóhùn, kí n lọ fọ́n oúnjẹ fún adìyẹ. Lẹ́yìn náà òun á gbé e wá fún ọ, kí o fọ ọwọ́ kí o tó ṣí i. Nítorí náà gbàgbé gíláàsì àti búrẹ́dì. Owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún ẹnì kan ni kí o fi ránṣẹ́. Mo bi í bóyá èmi náà lè bá a wá. Ó ní, Ààrẹ, ta lẹ fẹ́ fi ìlú sílẹ̀ fún?

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́. Kí orúkọ rẹ máa wà lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, kí ẹnikẹ́ni má gbà á, pàápàá ẹni tó sún mọ́ ọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Eladio Umaña

Ìyá rẹ ní òun náà fẹ́ kí ọ. Mo ti gbé kálámù fún un. Ìlà mẹ́rin tí ìkarùn-ún dábùú nísàlẹ̀ yìí, ọwọ́ rẹ̀ ni.