Òjé Nínú Ìkòkò Túwó

Bàbá Húsnà,

Mo ti gbé Húsnà lọ sí ọsibítù, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹ rántí pé inú ti ń run ún láti àná.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń fọ ìkòkò túwó, mo rí nǹkan dúdú tó lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó ń dán. Mo pe Hámzà, fítà tó ń tún ọkọ̀ yín ṣe ní Suame Magazine, mo bi í bóyá ó mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ bò ó. Ó ní òun ló fún yín ní òjé inú bátìrì, torí ọkọ̀ ojú irin ìṣeré yín fúyẹ́ jù: ooru omi ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ náà kàn ń yọ̀ lórí irin, kò lè fa ẹrù. Ẹ wá yọ́ òjé, ẹ dà á sórí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ó sì ti ń fa gbogbo ohun tí ẹ so mọ́ ọn báyìí. Ẹ kú iṣẹ́.

Ìkòkò tí à ń jẹun nínú rẹ̀ lẹ fi yọ́ ọ, ẹ fi omi ṣan án, ẹ dá a padà sáyè rẹ̀. Ó rí mi lára paa. Májèlé ni òjé.

Ẹ pè mí, kí ẹ sọ ọjọ́ tí ẹ yọ́ ọ gan-an. Dókítà máa bèèrè.

Oúnjẹ yín wà lórí tábìlì, mo ti dé e. Òjé tí mo ha nídìí ìkòkò ni.

Ìyá Húsnà